Òkú Tó Ni Orin Dympna

Ní Kilcorran, abúlé wa, tí ẹnì kan bá dá orin tí a kò gbọ́ rí, a kì í béèrè orúkọ orin náà. Ohun tí a máa ń béèrè ni pé, "Ọwọ́ ta lo ti gbà á?" Orúkọ òkú ni ìdáhùn tó dára. Bí òkú náà bá jẹ́ ará ìtòsí, tó sì kú sínú òṣì, orin náà tún dùn sí i nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, ni a máa ń kóra jọ sí ilé ọtí Majella Griffey, ní igun tó sún mọ́ iná. Colman Tubridy ló máa ń jókòó síbi tí ògiri ti pàdé ògiri. Fèrè onígi ló ń fọn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì sí olórin kan lágbègbè wa, alààyè tàbí òkú, tí Colman lè gbà láé pé òun kò mọ̀. Gòjé ni tèmi. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń wà, níbi tí òtútù ti ń wọlé.

Aládùúgbò mi ni Dympna Kinnane. Ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọkọ̀ ńlá tó ń gba wàrà kiri oko ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wà á. Nígbà tí ẹ̀yìn bàbá kò gba ìjókòó mọ́, ọmọ bọ́ síbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan sọ pé wàrà yóò kan bí obìnrin bá gbé e. Kò kan. Súfèé ló fi ń la gbogbo ọ̀nà kọjá, débi pé àwọn màlúù mọ ohùn rẹ̀ ju ti olówó wọn lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra dùùrù kékeré, irú èyí tí a ń fà tí a ń tì láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó sì lọ bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orin ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọdé ni gbogbo wọn. Irú àga tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà ni wọ́n fún un, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ ń bú u pé ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ó ń bú wọn padà pé wọn ò lè wa ọkọ̀. Ajá rẹ̀ nìkan ni kò fara mọ́ ọn; tó bá ti fa dùùrù yọ báyìí, ajá ti sá dé ilé mi.

Nígbà tó yá, ó mọ orin tó tó láti bá wa jókòó. Lẹ́yìn náà ló ṣe tirẹ̀.

Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń jáde, ègé kan lónìí, ègé kan lọ́la, ní gbogbo ìgbà òtútù. Orin ijó ni, alápá méjì. Ní òpin apá kejì, níbi tí orin ọmọlúàbí ti máa ń sọ̀kalẹ̀ wálé, tirẹ̀ ń gòkè, ó sì dúró síbẹ̀.

"Òkè Lahardan nìyẹn," ó sọ fún mi. "Wàrà kún ọkọ̀ dẹ́nu, jíà kìíní ni mo wà, mò ń bẹ Ọlọ́run. Mo dé orí ẹ̀, mo mí. Ibẹ̀ ló parí sí."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó sọ fún Colman.

"Colman, mo ní orin kan tí mo ṣe fúnra mi."

"Tọ́jú ẹ sílé," Colman wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Orin tí ẹni tó ṣe é bá ṣì ń jẹ ọ̀dùnkún, kò tíì jinná."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Dympna náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí dùùrù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dúró títí àlàfo fi wà láàárín orin méjì, ó sì dá a. Kò sọ nǹkan kan ṣáájú. Ó ń tún un dá láti ìbẹ̀rẹ̀, títí mo fi gbé gòjé tẹ̀ lé e, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé mi. Nígbà tó parí, Colman gbójú sókè.

"Ọwọ́ ta lo ti gbà á?" Colman béèrè.

"Murty Hehir," Dympna dáhùn. "Ẹ̀yìn irà ló ń gbé. Ó ti kú tipẹ́."

Kò sí Murty Hehir kankan. Bó ṣe ń dárúkọ rẹ̀ ló ń bí i.

Colman gbé ọtí dúdú rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó.

"Murty!" ó ní. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò dáa."

"Ti òsì," Dympna wí.

"Ọ̀tún ni, tó bá kọjú sí èèyàn."

"Ẹ ò ṣìwí."

Kí oṣù tó parí, Murty ti ní ìyàwó tó sá lọ sí Boston, Majella sì ti rántí pé ìyá àgbà òun bá a jó rí. Orin náà wọ gbogbo wa lára. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, Colman gbọn itọ́ jáde nínú fèrè rẹ̀.

"Dympna, o ò gba ìparí yẹn dáadáa. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ Murty. Ṣe ló ń sọ̀kalẹ̀."

Ó fọn ọ́n. Ó sọ̀kalẹ̀ wálé jẹ́jẹ́, bíi màlúù tí ń wọ ọgbà. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, nítorí pé Colman ni.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Dympna ń bá wa lọ pẹ̀lú eyín dídì.

"Kí Murty máa gba orúkọ lọ, kò dùn mí," ó sọ fún mi lójú ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá yí padà sẹ́yìn lórí òkè yẹn, Enda, gbogbo wàrà á dà sójú títì."

Lẹ́yìn náà ni Colman kéde pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun yóò kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní gbọ̀ngàn ní orin Murty. Mo wo Dympna. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Orin tí ọmọdé bá kọ́kọ́ gbọ́, kò sí àgbà tó lè tún un ṣe mọ́. Bí wọ́n bá fi ìsọ̀kalẹ̀ Colman kọ́ wọn, òkè Lahardan wó títí ayé nìyẹn.

"Èmi ni mo ṣe é," Dympna wí.

"Kí lo ṣe?" Colman béèrè.

"Orin yẹn. Kò sí Murty kankan. Irọ́ ni mo pa."

Majella dá ọwọ́ tó fi ń nu gíláàsì dúró. "Dympna Kinnane, ojú ò tì ẹ́? Òkú tí ò lè gbẹnu sọ fún ara ẹ̀!"

"Mo ní kò sí i láyé rí!"

"Ṣé ìyá àgbà mi wá bá afẹ́fẹ́ jó ni?"

"Ẹ bi Enda. Ó ń gbọ́ mi ní gbogbo ìgbà òtútù."

Mo ní òótọ́ ni, mo gbọ́ bó ṣe ń ṣe é díẹ̀díẹ̀.

"Bó ṣe ń kọ́ ọ lo gbọ́," Colman wí. "Etí Enda yá o, ọpọlọ ẹ̀ ló máa ń pẹ́ dé." Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó kọjú sí Dympna. "Mo ti rí olè màlúù. Mo ti rí ẹni tó jí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì rí ẹni tó ja òkú lólè orin rí."

Dympna mu tíì rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn: ojú awakọ̀ tó pàdé ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà tóóró, tó ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn rìn sí.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ má bínú. Ìgbéraga ló wọ̀ mí lẹ́wù. Murty ló ni ín."

"Ìwọ náà mọ̀," Majella wí.

"Mo máa ń gbé e nínú ọkọ̀ tó bá ń lọ ọjà. Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ló jókòó sí tó ń fi súfèé kọ́ mi. Ìparí ẹ̀, ṣe ló ń gòkè."

"Bàbá mi..." Colman bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá yín gbà á lọ́wọ́ Murty, ẹ̀yin gbà á lọ́wọ́ bàbá yín. Èmi gbà á lẹ́nu Murty fúnra ẹ̀. Ta ló sún mọ́ ọn jù nínú àwa méjèèjì?"

Colman fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa lófin náà: ẹni tó bá sún mọ́ òkú jù lọ, tirẹ̀ ló tọ̀nà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún un, kí ó sọ pé Murty kò sí láyé rí. Ó wo iná. Ó wo Majella. Ó wo fèrè rẹ̀ pẹ́.

"Etí bàbá mi kan ò gbọ́ràn dáadáa," ó wí níkẹyìn. "Apá ibẹ̀ ni Murty máa ń jókòó sí."

"Mo ti fura sí i," Dympna wí.

Ó fa dùùrù yọ, ó dá orin náà, a sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìparí, fèrè Colman nìkan ló sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Ó wúkọ́, ó ní omi ló wọ fèrè òun. Nígbà kejì, ó bá wa gòkè.

Majella na ọrùn láti ẹ̀yìn kántà.

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" ó ní. "Murty gan-an nìyẹn."

Dympna mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè.