Asẹ́ Inú Ọ̀fun Bàbá Ninhẹ́dù

Bí ẹ bá gbé ogún ọ̀pá esùsú fún Ninhẹ́dù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò kà á. Yóò kà á lójú yín, yóò tún un kà bí ẹni tó kàn ń tò ó, bí ẹ bá sì kẹ̀yìn sí i tán, yóò kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ìlú Nípúrù tiwa, àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé bí odò bá kún, Ninhẹ́dù á béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ẹní ló ń hun. Ó tún ń hun asẹ́ kéékèèké tí a ń fi sí ìdí ọ̀pá esùsú tí a fi ń fa ọtí mu, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà há wa lọ́fun. Háà, ẹ wo asẹ́ nígbà náà! Kókó mẹ́ta ló máa ń ta sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á yí ti àárín sódì, kí olè kankan má baà jí iṣẹ́ rẹ̀ kó pè é ní tirẹ̀.

Kò bímọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ìfura rẹ̀ ti ń mu omi. Gbogbo wa la mọ bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ibi tí òkú ń lọ, ṣe rí: òkùnkùn biribiri, erùpẹ̀ ní jíjẹ, omi ẹrẹ̀ ní mímu, àfi ohun tí ará ilé bá rántí dà sílẹ̀ fún ẹni. Òkú tí kò lẹ́ni tí yóò da nǹkan fún un, á di iwin alárìnkiri, á máa lá ìsàlẹ̀ ìkòkò onílé onílé. Ta ni yóò wá da omi fún Ninhẹ́dù? Úrdukúgà àbúrò rẹ̀ nìkan ló ní, pẹ̀lú Amakálà ìyàwó àbúrò náà. Amakálà yìí gan-an ni kò sì fọkàn tán rárá.

Abẹ́ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn ilé Úrdukúgà ni Kúlì, bàbá wọn, sùn sí. Páìpù amọ̀ kan gba inú ilẹ̀ lọ bá a, ọ̀fun la máa ń pè é. Ní gbogbo ìgbà tí òṣùpá bá ti tán lójú ọ̀run, Amakálà á da ọtí sínú ọ̀fun náà, á pe orúkọ bàbá.

Àfi bí etí òsì Ninhẹ́dù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn ìkórè, hùùù, bí afẹ́fẹ́ nínú esùsú. Ó lọ bá obìnrin abókùúlò tó wà lẹ́bàá bodè.

"Òùngbẹ ń gbẹ bàbá ẹ," ni obìnrin náà wí. "Etí ẹ ló ń kàn bí ilẹ̀kùn yẹn. Tí ò bá tètè rí mu, á wọlé o."

"Mo mọ̀!" Ninhẹ́dù fò dìde. "Amakálà ló ń mu ún!"

Nígbà tí òṣùpá tún tán, àwọn ará ilé Úrdukúgà kò tíì fọnu láàárọ̀ tó fi dé. Amakálà fi ọlọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà. Ọtí bàbá mi dà?"

"Ẹ ò tiẹ̀ tíì jókòó."

"Ẹsẹ̀ mi ò bẹ̀ ọ́."

Amakálà gbé ìkòkò wá. Ninhẹ́dù gbóòórùn rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Ọtí gidi ni, ó dùn, wọ́n fi dàbínù sí i. Ojú rẹ̀ wá le sí i.

"Ó ti dùn jù. Torí pé mò ń bọ̀ lo ṣe pọn èyí."

"Ta ló sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀?"

"Ohun tí èmi náà fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Úrdukúgà yọjú láti inú ilé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti gbé e dé."

"Ìwọ, dákẹ́. Kí ó dà á lójú mi."

Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn. "Bàbá Kúlì, ẹ gbà, ẹ mu," ni Amakálà wí, ó sì dà á. Ọtí náà kún dé ẹnu ọ̀fun, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ninhẹ́dù dojú bolẹ̀, ó dẹ etí tó ń hó sí i. Kò gbọ́ kín-ín.

"Kò lọ!"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà ìkórè," Amakálà dáhùn. "Tó bá di ọjọ́ kejì, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé bàbá ti yó ni."

"Yó? Òkú wo lo rí tó yó rí? O ju nǹkan síbẹ̀! O fi amọ̀ mọ ère mi, o jù ú sí bàbá mi, kó lè fà mí lọ!"

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ní tí mo fẹ́ jogún? Ẹní?"

Úrdukúgà ò bá wọn jà. Ó mú ọ̀pá esùsú gígùn, ó so ìwọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó tì í bọnú ọ̀fun, ó ń rò ó kiri. Ó fà á. Nǹkan dúdú kan jáde, ó wú, ó ń rùn fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọkà. Amakálà fẹ̀yìn rìn. Úrdukúgà ṣan án nínú omi, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀.

Asẹ́ ni. Ó ní kókó mẹ́ta nídìí, èyí tó wà láàárín yí sódì.

"Ẹ̀gbọ́n," Amakálà rọra wí, "iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí o?"

Ninhẹ́dù kò gbójú sókè. "Lọ́dún tí a sin bàbá ni. Mo fi sí i kí o má baà ráyè ju ère mi sí i. Mo ní ọtí á kọjá, ère ò ní lè kọjá."

"Asẹ́ tí ẹ máa ń kìlọ̀ fún gbogbo Nípúrù pé kí wọ́n máa gbọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ dànù!" Úrdukúgà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi há bàbá wa lọ́fun!"

Ọtí ti ń wọlẹ̀ báyìí, gbùú, gbùú, gbùú, bí ẹni tó ti oko ọ̀sán dé. Ninhẹ́dù dẹ etí sí i títí ó fi tán. Kò dìde.

"Ìyàwó mi," ó wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Bí èmi náà bá lọ, ta ni yóò da tèmi?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ta tún ni? Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ò ní kan ọ̀fun tiyín o."

Ninhẹ́dù dìde jókòó, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo Amakálà.

"Ṣé irú ọtí yìí náà ni, àbí èyí tí ẹ ń fún àlejò?"

Etí rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Bí òṣùpá bá sì ti tán, ẹ ó bá a nílé Úrdukúgà láàárọ̀, níbi tó ti ń tọ́ ọtí wò kí wọ́n tó dà á. Amakálà ti wá ya ife kan sọ́tọ̀ fún un.