Jẹ́wọ́nwí, Ajá Ìdí Agbada

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gàrí, kó wá Blandine lọ sí Paouignan! Gàrí tirẹ̀ a máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Awakọ̀ tó ń sáré lọ sí Glazoué, tó bá gbóòórùn rẹ̀, á dúró dandan. Ṣùgbọ́n wárápá ń gbé Blandine láti kékeré. Àpá iná tó wà ní apá òsì rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbàgbé.

Nígbà tí àwọn ológun tó ń pera wọn ní kámárádì gba ìjọba, tí “Ehuzu! Dandan!”, ìyẹn ‘Ayé ti yí padà! Dandan ni!’, di ìkíni lẹ́nu tọmọdé tàgbà, wọ́n ní kí àwọn obìnrin kó agbada wọn jọ sábẹ́ àtíbàbà kan, kí wọ́n máa dín gàrí ẹgbẹ́. Blandine ti gbé agbada rẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìyá Gilbert, olórí ẹgbẹ́, dá a dúró.

“Blandine, n kò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá ṣubú síná lójú mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ? Lọ máa bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi ọ̀hún.”

Bíbó ẹ̀gẹ́! Irú ọwọ́ yẹn!

“Ajá mi kò ní jẹ́ kí n ṣubú síná,” ni Blandine wí.

Ẹ̀rín sọ. Ajá pupa kan ló ń wí. Àwọn aládùúgbò kì í bá Blandine jẹun nínú àwo kan náà, wọ́n ní itọ́ rẹ̀ ń ran ènìyàn, irọ́ gbáà! Ìdí nìyẹn tó fi sọ ajá náà ní Jẹ́wọ́nwí. Nígbà kan, ajá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń fa etí ìró rẹ̀. Blandine rò pé oúnjẹ ló ń tọrọ, ó fi ìgbálẹ̀ nà án. Kò pẹ́, wárápá gbé e ṣubú. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀, kó tó yé e: ajá náà ń mọ̀ ṣáájú! Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́nì kankan! Blandine rò ó fún wọn bẹ́ẹ̀.

“Bó o bá dìde tìtorí ajá,” ni obìnrin kan wí, “ta ni yóò máa yí gàrí? Ṣé ajá náà ni?”

Blandine yíjú sí Martine, ìyàwó kékeré ilé wọn, tó ń fọ́mọ lọ́mú. “Martine, bí ọmọ rẹ bá ké, kí lo máa ń ṣe?”

“Màá fi àfọ́kù igbá lu etí agbada, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á bá mi yí tèmi mọ́ tirẹ̀.”

“Ó dáa. Ọmọ tèmi nìyí. Bó bá ké, ẹ gbà mí.”

Ìyá Gilbert mí kanlẹ̀. “Jókòó. Ṣùgbọ́n bó o bá ṣubú sídìí iná pẹ́nrẹ́n, ẹ̀gẹ́ ló kù.”

Ó di ọjọ́ kan tí iná ń jó geere. Gàrí Blandine ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, ìgbà tí alágbada kì í fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò gan-an. Jẹ́wọ́nwí fò dìde, ó ké, ó fa ìró. “Dúró ná,” ni Blandine wí, ó tún yí gàrí lẹ́ẹ̀kan sí i. Igbe ajá le. Ìyá Gilbert ń wò ó.

Kọ̀, kọ̀! Blandine lu etí agbada. Martine nawọ́ gbà á. Blandine tẹ̀ lé ajá dé abẹ́ igi máńgòrò, ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, wárápá sì dé. Ajá náà sùn tì í pẹ́kípẹ́kí.

Ẹ wá wo ìyanu! Ìyá Gilbert dìde, ó lọ bá a, ó fi etí ìró ara rẹ̀ nu itọ́ ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí Blandine lajú, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Gàrí mi ńkọ́?”

“Ó kù díẹ̀ kó jó,” ni Ìyá Gilbert dáhùn, “torí o pẹ́ kó o tó lu agbada. Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ rẹ lajá yìí? Ìyá rẹ ni. Lọ́jọ́ mìíràn, bó bá ti pè ọ́, tètè jẹ́ ẹ!”