Ọmọ Kú, Ọmọ Tún Nù

Gbogbo àwọn tó ń gbé aṣọ fún Adékẹ́mi fọ̀ ní Múṣin ló mọ̀ pé kì í lọ aṣọ lọ́jọ́ Ẹtì. Á ní òun ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Yábà. Irọ́ gbuu ni. Ọkọ́ kékeré àti ìgbálẹ̀ ló máa ń wà nínú àpò rẹ̀, ìtẹ́ òkú ló sì ń lọ.

Ayọ̀kànmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ni ibà pa lọ́dún 1988. Ẹ ṣáà mọ̀ bí a ti í ṣe é nílẹ̀ wa: òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn obìnrin di Adékẹ́mi mú nínú yàrá. Àkàngbé, àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé, kó àwọn ọkùnrin ilé sòdí, wọ́n gbé òkú jáde, wọ́n padà dé, wọ́n fọwọ́, wọn ò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú yá ju kó nù lọ. Ti Adékẹ́mi kú, ó sì tún nù. Ta ló ro ìyẹn nígbà tí wọ́n ń dá àṣà sílẹ̀?

Kò jẹun, kò sùn. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ aláṣọ títí àwọn oníbàárà fi ń sá. Àfi ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Àkàngbé nídìí ọtí: ẹ̀gbẹ́ ògiri, nídìí máńgòrò. Adékẹ́mi wá ibẹ̀ lọ, ó rí òkìtì kan tí kò lórúkọ, ó sì gbà pé ọmọ òun nìyẹn. Ó ń ro ó, ó ń gbá a, ó ń ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un. Ni oúnjẹ bá tún ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà á ni Àkàngbé, tó ti búra pé bó bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, òun á kó ẹrù rẹ̀ síta nílé ẹbí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ń tu koríko lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ẹ."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Adékẹ́mi. Ó rò pé Àkàngbé ló rán an. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún wọn nílé."

"Ilé wo? Ilé mi tó o fẹ́ tú?" Margaret ni orúkọ obìnrin náà, aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀. "Mo wá ní Kérésì, ibí mọ́. Mo wá ní Àjíǹde, ibí mọ́. Mo ní èmi ìyàwó ilé ò gbá a, ta ló wá ń gbá a? Ọmọ mélòó lo bí fún un?"

"Fún ta ni?"

"Fún Solomon, ọkọ mi tó wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn!"

Adékẹ́mi fara bo òkìtì náà. "Ọmọ mi ló wà níbí."

"Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín? Èmi wà níbẹ̀."

Adékẹ́mi mi orí pé rárá. Margaret ń wò ó, ojú rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ọlọ́mọ lòun náà, ó sì mọ àṣà.

"Wọn ò fi ibẹ̀ hàn yín," ló sọ.

Adékẹ́mi gbójú sókè. Máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ògiri pọ̀, òkìtì tí kò lórúkọ sì kún ìdí wọn. Gbogbo ìròyìn tó ti ń rò fún Ayọ̀kànmí, ọkọ ọlọ́kọ ló ń gbọ́ ọ. Ó dùn ún ju ọjọ́ ikú gan-an lọ, ó sì sunkún débi pé Margaret ní láti dì í mú.

Nígbà tó yá, ó nujú. Ó mú ọkọ́, ó kọjá sí òkìtì tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro.

"Ta ló ni ìyẹn?" ni Margaret bi í.

"Mi ò mọ̀. Bí mo bá ṣáà ro gbogbo wọn, màá ro ti ọmọ mi."

"Bí wọ́n bá wá gbọ́ nílé ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?" Adékẹ́mi ò dúró. "Wọ́n ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Mi ò kúkú mọ̀ ọ́n."

Margaret ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì mú ìgbálẹ̀.