Àpótí Pupa

Mi ò lè gbóòórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kí àyà mi má já. Lánàá, níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà kan, ó tún já, mo sì rí ara mi lọ́mọ ọdún méje ní Ìsọlọ̀, lórí àpótí, níbi tí bàbá mi ti ń kun mọ́tò.

Ọ̀sán gangan ni. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gbé mọ́tò pupa kan wá, mọ́tò asáré onílẹ̀kùn méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn wọ́lẹ̀. Ó ní òun rà á ní ọjà Bọ́ládé, òun sì ń tọpa ibi tó ti ń bọ̀. Nínú ìwé tó mú dání, búlúù ni mọ́tò náà nígbà tó dé láti òkè òkun.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Mi ò rí i rí, sà.”

Ọkùnrin náà ní kó ha ọ̀dà rẹ̀ wò. Bàbá mi fi sánpépà ha ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Eruku pupa ń dà sílẹ̀, búlúù yọjú. Ẹ̀rù ń bà mí, torí ọ̀dà pupa yẹn ni mo jí bù sínú agolo mílíìkì, tí mo fi kun àpótí tí mo jókòó lé. Mo tẹ́ yẹ̀rì mi bò ó. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé mọ́tò tí wọ́n jí ni.

Ìyá mi gbé omi dé. “Ìwọ ọmọ yìí, àlejò wà lórí ìdúró, o jókòó! Dìde, gbé àpótí fún wọn.”

Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún.

“Bàbá, ẹ má nà mí. Ọjọ́ tí ẹ kun mọ́tò yìí ni mo bu ọ̀dà yín.”

Ọkùnrin náà ò jókòó mọ́.