Wákàtí Mẹ́jọ ní Penang

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi àti Quek Siew Geok ti jọ ń gbé àjà kẹsàn-án ní Toa Payoh, ní Singapore, ilẹ̀kùn mi kọjú sí tirẹ̀. Ó fi ọdún méje jù mí lọ, nítorí náà Kak Geok ni mo ń pè é. Kak ni àwa Malay ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. Biah lòun ń pè mí, àfi bí inú bá ń bí i, ìgbà yẹn ló máa ń pè mí ní Salbiah tòun ti orúkọ bàbá mi. Ará Ṣáínà lòun, obìnrin kékeré ni, orúnkún rẹ̀ ti ń dá a lágara, nítorí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ máa ń ní eyín.

Nígbà tó pé àádọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Kok Wah, ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi fún un, irú ọkọ̀ gàgàrà tí àwọn èèyàn ń wọ̀ ṣe fàájì. Ọkọ̀ á gbéra ní Singapore, á yà ní Penang, á yà ní Phuket, á sì dá wọn padà sílé ní ọjọ́ karùn-ún. Ẹni méjì ni tíkẹ́ẹ̀tì náà wà fún. Kok Wah ní ìyàwó òun ló máa bá a lọ. Kak Geok ní rárá, Biah lòun fẹ́, nítorí Biah kì í hanrun. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́, torí èmi àti òun la jọ mọ̀ pé mò ń hanrun, ògiri ilé wa kò nípọn. Mo mọ̀ pé nǹkan wà tó fẹ́ fi mí ṣe.

Ọkọ̀ yìí ní àwọn afinimọ̀nà tirẹ̀. Bó bá ti gúnlẹ̀, wọn á kó èrò sínú bọ́ọ̀sì, afinimọ̀nà á gbé àsíá kékeré sókè, gbogbo wọn á máa wọ́ tẹ̀ lé e. Kok Wah fẹ́ forúkọ wa sílẹ̀.

Kak Geok ní, "Mi ò lè máa tẹ̀ lé àsíá kiri bí ọmọ jẹ́léósinmi."

"Mama, ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó bá dá rìn. Bí bọ́ọ̀sì tiwọn bá pẹ́, wọ́n á dúró dè é. Bí tiyín bá pẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ máa máa wò lójú òkun."

"Ìdí tí mo fi ra ìwé nìyẹn."

Òótọ́ ló ra ìwé, ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n fa ìlà sí. Ó kọ aago tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀, ó kọ aago tí ọkọ̀ ní ká ti padà dé, ó wá kọ aago tirẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tó fi wákàtí méjì ṣáájú ti ọkọ̀. Ó ya ọ̀nà láti èbúté Penang dé ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì, ó sì fi àmì sí ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà. Ní ojú ewé Phuket, ó fi bírò pupa kọ ọ́ pé aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan aago ọwọ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó mú mi rìn láti ẹsẹ̀ ilé wa dé ọjà, aago lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ìrìn náà. Ìṣẹ́jú méjìlélógún la lò.

"Ìlọ́po méjì," ó wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ohunkóhun tí fóònù bá sọ, ìlọ́po méjì ni tiwa."

"Ẹ̀yin lẹ dúró wo ẹja."

"Ní Penang náà, ṣé kò ní sí ẹja tí a máa dúró wò ni?"

Ọjọ́ tí mo gba ìwé náà yẹ̀ wò, mo rí i pé ojú ewé Penang ní ihò. Láti aago kan sí aago mẹ́rin, kò kọ ohun kan. Mo bi í bóyá àárín yẹn la máa sùn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá lọ, ó mú lẹ́tà kan jáde tí eteetí rẹ̀ ti ń já, ó ní inú àpótí ìyá òun lòun ti rí i lẹ́yìn tí ìyá náà kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Malay ni wọ́n fi kọ ọ́, ní ìkọ̀wé Lárúbáwá bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń kọ ọ́, kò sì lè kà á. Ó ní òun ti mọ ẹni tí lẹ́tà náà máa jẹ́ nípa rẹ̀, kí n ṣáà kà á fún òun.

Mo kà á. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mat Isa ló kọ ọ́ sí ìyá Kak Geok. Ó ní ara ọmọ le, Zaharah làwọn sọ ọ́, àwọn ti kó lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Balik Pulau ní Penang, kí ìyá wá wò ó nígbàkígbà tó bá fẹ́, ilẹ̀kùn àwọn wà ní ṣíṣí.

"Àbúrò mi ni," Kak Geok wí. "Wọ́n fún àwọn aládùúgbò nígbà tó pé ogójì ọjọ́. Penang là ń gbé nígbà náà."

Mo jókòó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò gbọ́ ọ rí.

"Ṣùgbọ́n Kak, ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì ń ti ibí lọ sí Penang. Ẹ̀yin wá fẹ́ wọ ọkọ̀ alájà mẹ́rìnlá lọ bẹ àbúrò yín wò?"

Ó ká lẹ́tà náà pẹ̀lú sùúrù. "Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ nítorí rẹ̀ nìkan, tó wá ní òun ò fẹ́ rí mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó sínú bọ́ọ̀sì yẹn padà? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé fàájì ni mo bá lọ, mo kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Phuket ṣì wà níwájú."

Láti ọjọ́ náà, mi ò bá a jiyàn nípa ìwé rẹ̀ mọ́.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní Penang, tí òjò sì ń rọ̀. Àwọn alásìíá ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí ó tó kàn wá. Kak Geok yọ ìwé, ó fa igi sórí tẹ́ńpìlì tó ti kọ pé a máa lọ wò, ó fa igi sórí oúnjẹ ọ̀sán, ó ní ká máa lọ. Ìlọ́po méjì la fi rìn dé ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì gun òkè, ó ń yí bí ejò. Kak Geok kò wo òkè, kò wo igbó. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ ló ń kà sábẹ́ ètè, gbólóhùn Malay kan ṣoṣo tó fẹ́ sọ bó bá débẹ̀.

A bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí bóyá wọ́n mọ Zaharah ọmọ Mat Isa. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Ẹni tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀."

Abẹ́ páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà ni a ti rí i, ó dúró ti agbada epo gbígbóná, ó fi ìborí aláwọ̀ ewé wé orí. Obìnrin kékeré ni. Nígbà tó tẹ̀ bá agbada, ó pa ètè méjèèjì pọ̀ gẹ́lẹ́ bí Kak Geok ṣe máa ń ṣe bó bá ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo wo ibòmíràn.

"Kak, mélòó ni kí n dín fún yín?"

Ẹnikẹ́ni tó bá ń tajà ló máa ń pe oníbàárà bẹ́ẹ̀, kò ní ìtumọ̀ kankan, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọwọ́ Kak Geok di etí tábìlì mú.

"Mẹ́fà," ó wí.

A jókòó. Ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ èkejì, ó mú ẹ̀kẹta.

"Kak, aago mẹ́ta ti fẹ́ẹ̀ lù," mo sọ fún un.

"Mò ń jẹun."

"Ẹ̀yin kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín."

"Mo ti ń jẹ ẹ́ báyìí."

Obìnrin náà gbé tíì wá bá wa. Ó ní, "Singapore lẹ ti wá, mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ṣé ọkọ̀ ńlá yẹn lẹ bá wá? Àwọn èrò ọkọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Àbí ẹ ti sọnù ni?"

"A ò sọnù," Kak Geok dáhùn. Ó fi lẹ́tà náà sórí tábìlì.

Zaharah nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó mú un. Kò tíì kà á dé àárín tó fi padà síbi agbada, ó yí iná gáàsì pa, ó sì wá jókòó sí iwájú wa.

"Ọwọ́ bàbá mi nìyí."

"Mo mọ̀."

"Ta ni yín?"

Gbólóhùn tí a ti kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fò lọ lórí Kak Geok, mo rí i bó ṣe lọ. Malay ọjà tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Èmi ni mo gbé ọ wá."

Ó tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì. "Kẹ̀kẹ́ ni bàbá wa ń tún ṣe. Àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ọmọ mẹ́rin ló ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ọ. Màmá ní òun kò lè gbé ọ lọ, ó ní bí òun bá lọ, ẹsẹ̀ òun kò ní gbé òun padà wálé. Ó gbé ọ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n rékọjá ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Ò ń sùn. Mo rò pé ńṣe la kàn fi ọ́ yá wọn."

Zaharah ń wò ó. Nígbà tó máa fọhùn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan. Ó ní ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sórí àtẹ̀gùn wa. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, á ní òun ń dúró kí wọ́n lo àbúrò òun tán ni. Wọ́n á bu ìrẹsì fún un. Ọjọ́ kan, kò wá mọ́."

"A kó lọ sí Singapore. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni lẹ́tà yìí gbà tó fi bá Màmá níbẹ̀."

"Ìyá mi kò mọ̀. Títí ó fi kú ló ń bèèrè ibi tí ọmọ yẹn wọlé sí."

Kak Geok bo ojú rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Zaharah kò fọwọ́ kàn án. Ó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, ó ń ti ife tíì sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá yín ńkọ́?" ó bèèrè. "Lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ibi tí mo wà. Kí ló dé tí kò wá?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Kò jẹ́ ká dárúkọ rẹ nínú ilé. Ṣùgbọ́n kò ju lẹ́tà náà nù, inú àpótí tó ń kó ìwé pàtàkì sí ni mo ti bá a."

"Ìyẹn kò tó."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò tó."

Lẹ́yìn náà Zaharah bèèrè orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ òun.

"Siew Lan."

Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Mi ò ní jẹ́ ẹ o. Zaharah ni mí."

"Mo mọ̀."

"Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni."

Èmi ni mo wo aago. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ti kọjá, bọ́ọ̀sì tó yẹ ká wọ̀ sì ti lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́, Zaharah dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fáànù tó fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní ká wọlé. Ó wa ọkọ̀ náà gun òkè bí ẹni tí wọ́n bí sórí rẹ̀, mo sì ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé," Zaharah wí, ó ń wo ìwé tó wà lórí ẹsẹ̀ Kak Geok, "ẹ kò kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì lè fi yín sílẹ̀?"

"Mo kọ ọ́," Kak Geok dáhùn. "Mo ní ká wọ takisí."

"Ó dáa. Èmi ni takisí."

Ìṣẹ́jú méjìlá ló kù kí aago tí ọkọ̀ dá tó pé nígbà tí a dé ẹnubodè èbúté. Wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Kak Geok, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ihò ojú ewé Penang, ó sì di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú títí mo fi ní ká lọ. Lọ́jọ́ kejì ní Phuket, Kak Geok ra fìlà koríko kan, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ títí a fi padà sínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún náà, Zaharah wá. Kó tó dé, Kak Geok mú mi lọ ra ìkòkò tuntun, ọ̀bẹ tuntun àti pátákó ìgẹran tuntun, kí àbúrò rẹ̀ lè jẹun láìfòyà ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ó ha ilé ìdáná títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," mo wí, "ẹ ò ra ìkòkò kan nítorí tèmi."

"Ìwọ? Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ilé rẹ sí tèmi. Lọ jẹun nílé rẹ."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Zaharah lò. Lọ́jọ́ karùn-ún, a lọ sí ibi tí wọ́n kó eérú ìyá wọn sí, torí sísun ni wọ́n sun òkú rẹ̀. Ó bá wa dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró wo inú, ó ní òun kò tíì lè wọlé, bóyá ìgbà mìíràn. Kak Geok kò rọ̀ ọ́. Òun náà kò wọlé. A yí padà, a ra ẹja àti ẹ̀wà eéhù lọ́nà, wọ́n sì jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, wọ́n ń já ìdí eéhù náà sínú abọ́. Zaharah ní ẹ̀gbọ́n òun ń já a lọ́ra jù, pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀la la máa jẹun.