Ìdérí Ẹ̀rọ Ìyangàrí

Wẹ́dà ni mí ní Kàbà, agídí sì pọ̀ lára mi. Ìyàwó mi á jẹ́rìí sí i. Nígbà tí àwọn ìyá tó ń yan gàrí pa pọ̀ ní Ìyamoyè ní kí n ṣe ìdérí irin ẹ̀rọ wọn kó lè máa dá dúró lókè, mo ní kékeré nìyẹn.

Mo tú ṣọ́kì méjì lára ọkọ̀ àlòkù kan, irú èyí tí gáàsì inú rẹ̀ máa ń gbé búùtù dúró. Mo fojú wọn ìdérí náà, mo so ṣọ́kì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Ó dúró gbọn-in. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, orí mi wú.

Olórí wọn, ìyá àgbà kan, kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, gàrí lásán, a kì í fojú wọ̀n ọ́n. O ti gbé irin yìí lé òṣùwọ̀n? Ṣé nǹkan yìí sì lè fara da iná?”

Mo ní, “Ìyá, ẹ fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi.”

Ó bá fi ọmọ odó ti ìdérí náà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kì í tọwọ́ bọ abẹ́ ohun tó wúwo láìfi igi tì í. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé ayé ọmọ odó la ṣì wà ni.

Wọ́n dáná, wọ́n yan gàrí títí dọ̀sán. Mo wá tọwọ́ bọ abẹ́ ìdérí láti fún bóòtù kan le. Mo gbọ́ ṣìì! Ooru ti jẹ rọ́bà inú ṣọ́kì, gáàsì ti jò. Ìdérí já wálẹ̀ gbàà, orí ọmọ odó ló bà lé. Yéè! Ọwọ́ mi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi yọ, mo jókòó sínú èèpo ẹ̀gẹ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an la gbé ìdérí lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò gàrí. Mo wá sípíríǹgì irin tó lágbára tó láti gbé e, tí ooru kò lè bà jẹ́, mo sì so ó. Ó ń ṣiṣẹ́ dòní.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo lọ dúpẹ́ nílé ìyá náà. Wọ́n ní bí a bá ṣeni lóore tí a kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èmi kì í ṣe ọlọ́ṣà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó kí mi pé, “Okun o,” ó fa ọwọ́ mi, ó ń ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ ọmọ tuntun wò. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó ní, “Ó pé,” ó sì bú sẹ́kún.