Àkùkọ Abólọ́rùn Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà

Òórùn èérún pákó tí òjò rin, tó dàpọ̀ mọ́ ti ìgbẹ́ adìyẹ, ló máa ń kí mi káàbọ̀ nígbà tí mo háyà yàrá ní Ìbàfò. Ẹ̀yìn ilé wa ni bàbá kan, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ọ̀ṣun tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń sin adìyẹ abólọ́rùn, àwọn tí kì í hu ìyẹ́ lọ́rùn, tí awọ ibẹ̀ pọ́n bí ata. Kì í tà wọ́n. Bí ọdún bá dé, ó máa ń pa díẹ̀, á pín ẹran kárí ilé. Ìyàwó rẹ̀ ló kó ìran wọn wá láti ilé bàbá rẹ̀ ní Ìbógun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ní ìdì ìyẹ́ kékeré níwájú ọ̀fun, bí ẹni de táì. Ṣùgbọ́n ìyàwó náà máa ń sọ pé nígbà èwe òun, àkùkọ kan wà nílé àwọn tí kò ní ìdì yẹn rárá. Ó wù ú kó tún rí irú rẹ̀ kó tó kú. Kò rí i. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò jáwọ́. Ó ń yan akọ, ó ń yan abo, ó ń wá a.

"Bàbá, onígbàjámọ̀ wo ló fá adìyẹ yín lọ́rùn?" ni ìyá aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi máa ń bi í.

"Ẹni tó fá orí ọkọ rẹ náà ni." Ọkọ rẹ̀ apárí á sì bá wa rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn òròmọdìyẹ dàgbà di àkùkọ tí ọrùn rẹ̀ mọ́ láti orí dé èjìká. Bàbá pè mí, ó gbé e lé itan, ó rọra ń fi ìka wá ọ̀fun rẹ̀. "Akọ̀ròyìn, wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò tíì mọ abo. Tó bá gbó díẹ̀ sí i, màá gbé e lọ han àwọn àna mi n'Ìbógun, ká tó fi í bímọ."

Kò tíì gbé e lọ tí àìsàn fi dá a wó. Ilé ìwòsàn kan ní Mọ̀wé la gbé e lọ, oúnjẹ kò sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ìyá aránṣọ gbé kúlà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ṣí i. Òórùn efinrin àti ata gba yàrá.

"Bàbá, ẹ má bínú, mo mú ọ̀kan nínú adìyẹ yín," ó ní. "Mo fi àwọn tó rẹwà sílẹ̀ fún yín o. Èyí tí kò ní ìyẹ́ kankan lọ́rùn yẹn, tó dà bí ẹni tí àrùn ń ṣe, òun ni mo pa."

Ọwọ́ bàbá tó ti nà sí ṣíbí dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó gbé e mì.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó ta sánsán."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ìyá aránṣọ jókòó tì í títí, ó ní àìjẹun rẹ̀ ti ń já òun láyà. Nígbà tó lọ, bàbá yíjú sí ògiri. Mo ní ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un.

"Má dán an wò. Bó bá mọ̀, kò ní lè se oúnjẹ fún aláìsàn mọ́ láyé rẹ̀." Ó fa aṣọ bo èjìká. "Mi ò tíì lọ síbi ibojì ìyàwó mi, kí n sọ fún un pé mo rí i."

Ara rẹ̀ yá, ó padà sílé, ṣùgbọ́n kò yan akọ yan abo mọ́. Ó pín àwọn tó kù fún ẹni tó bá fẹ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú. Níbi ìsìnkú, ìyá aránṣọ dìde láti jẹ́rìí. "Mo se ọbẹ̀ fún wọn nígbà kan ní Mọ̀wé, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ọbẹ̀ yẹn ló gbé wọn dìde." Àwọn ènìyàn ní halelúyà.

Iṣẹ́ ìròyìn tó ń bọ́ mi ni kí n máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wò, kí n tún èyí tó wọ́ ṣe. Mo gbọ́ tirẹ̀, mi ò rí ohun tí mo lè tún ṣe nínú rẹ̀. Òun náà ti ṣípò padà báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ohun tí ènìyàn bá fún ẹlòmíràn la fi ń mọ ìfẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni mo ti mọ̀ pé ìfẹ́ mìíràn wà tí à ń gbé mì, tí ẹni tí a gbé e mì fún kò sì ní mọ̀ láé.